Ọmọ Ha Lè Kú San Gbèsè Baba? Ọba Wàjà àti Eré Ẹlẹ́ṣin Ọba



Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ní ilé-kéwú wa ní Dàda Estate, ọmọkùnrin kan dúró sẹ́yìn. Ó ti yá ìwé eré oníṣe méjì lọ́wọ́ wa. Ó dá wọn padà, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní, “Àáfà, ṣé Olúńdé ṣe dáadáa?”

A yára dá a lóhùn pé rárá, nítorí pé Ọlọ́hun ti kọ̀ fún ènìyàn láti pa ara rẹ̀, ó wà nínú Sūratun-Nisāi, āyah 29. Ó mi orí, ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì rí ohun tó ń wá. Nígbà náà ni a rántí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Baba rẹ̀ gba owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kò lè san án, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti túká. Òun àbíkẹ́yìn ló kù nílé, òun ni àwọn ẹbí sì ń sọ fún pé kí ó fi ìwé sílẹ̀, kí ó lọ máa gun ọ̀kadà láti fọ orúkọ baba rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 19 oṣù Disẹ́ńbà, ọdún 1944, Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà lẹ́yìn ọdún 33 lórí ìtẹ́. Àṣà àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ ni pé àwọn abọ́bakú yóò bá ọba lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Olókùn-Ẹṣin, Jínádù ni orúkọ ẹni tó wà lórí oyè náà nígbà yẹn. Ìkòyí ni wọ́n rán an lọ nígbà tí ọba wàjà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Jánúárì, 1945, ó padà wọ Ọ̀yọ́, ó wọ aṣọ funfun, ó sì ń jó lọ ní ìgboro sí ilé Baṣọ̀run. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain MacKenzie, gbọ́, ó ní kí wọ́n mú un, wọ́n sì mú un. Nígbà tí ìròyìn kàn pé Jínádù wà ní àtìmọ́lé, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, Múránà, kú dípò rẹ̀.

Jínádù, Múránà! Ẹ ò rí i pé orúkọ tí a ń gbọ́ nílé Mùsùlùmí ni méjèèjì? Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí ìjọsìn, a kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa.

Ará ilé wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di eré. Òṣogbo ni wọ́n bí Dúró Ládiípọ̀ sí ní 1931, Òṣogbo níbí náà ni Mbárí Mbáyọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọba Wàjà jáde ní 1964, lẹ́yìn Ọba Kò So. Nínú eré yìí, òyìnbó ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Olókùn-Ẹṣin ti ṣe tán láti kú, àṣẹ ìjọba sì dé, ohun tí ìlú ti mọ̀ láti ayébáyé dàrú lọ́wọ́ kan. Ọmọ rẹ̀, Dáwódù, wà ní Gold Coast. Ó gbọ́ pé ọba ti wàjà, ó padà wálé, ó bá baba rẹ̀ láàyè, ó sì pa ara rẹ̀. Baba náà tẹ̀ lé e.

Ní 1975 ni Wọlé Ṣóyínká tẹ tirẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Death and the King’s Horseman. (Ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ní 1946 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ ti rí ọdún tó ṣẹlẹ̀ lókè.) Níbẹ̀ ló tún ti kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà òyìnbó àti tiwa, nítorí pé okùnfà kékeré ni òyìnbó jẹ́ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní alẹ́ tí Ẹlẹ́ṣin yóò kú, ó rí ọmọge kan lọ́jà, ọmọge tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Ìyálọ́jà, ó ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n fún un. Ó fẹ́ ìyàwó lálẹ́ ọjọ́ ikú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo. Kí Pilkings tó dé láti mú un, ọkàn rẹ̀ ti dúró.

Ìyàtọ̀ pàtàkì nìyí lójú tiwa: Ládiípọ̀ wo ọwọ́ tó dí ọ̀nà, Ṣóyínká wo ọkàn ẹni tó ń rìn ín. Ọ̀dọ̀ Ṣóyínká ni a tẹ̀ sí, nítorí pé ó rọrùn fún àwa ènìyàn láti di gbogbo àléébù wa ru òyìnbó, ìjọba tàbí ayé.

Ẹnì kan wà nínú eré Ṣóyínká tí a kì í fẹ́ fò kọjá: Àmúsá, ọlọ́pàá, Mùsùlùmí. Inú wa kò dùn pé òun ni àwọn ọmọbìnrin ọjà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Pilkings àti ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀wù eégún wọ̀ lọ sí ijó, Àmúsá kọ̀ láti jíṣẹ́ ikú fún ẹni tó wọ aṣọ òkú. Kì í ṣe pé ó ń bọ eégún. Ó mọ̀ pé ohun tí ẹlòmíràn ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tó fẹ́ dá ikú dúró nínú ilé kan ni kò mọ ilé náà, ìyẹn ni ikú fi yà láti ọ̀dọ̀ baba lọ sọ́dọ̀ ọmọ.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì bi wá léèrè nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú eré náà, ẹni tó bú gbàmù pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ kí ewu má bàa dé bá àwọn ẹlòmíràn. Olúńdé, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú òyìnbó, yin ọkùnrin náà. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí Ẹlẹ́ṣin? Ìbéèrè tó le ni. Èrò tiwa ni pé bí ọ̀gá ọkọ̀ náà bá rí ọ̀nà mìíràn, yóò dúpẹ́, yóò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ikú Ẹlẹ́ṣin gan-an ni ohun tí wọ́n ń fẹ́. Bí ọ̀nà mìíràn bá yọ, ìtìjú ni fún un.

Ti ọmọ wá ńkọ́? Dáwódù àti Olúńdé jẹ́ àkọ́bí nínú eré méjèèjì. A rò pé àwọn òǹkọ̀wé ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé àkọ́bí ni àrólé, ẹni tó bá jogún ilé ni ìlú ń retí kí ó jogún ẹrù. Àbíkẹ́yìn ni Múránà. Nígbà tí a sọ èyí fún ọmọkùnrin wa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

A wá tún ìdáhùn wa ṣe. Sūratul-An‘ām, āyah 164, ti kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kò sí lọ́rùn ẹlòmíràn. Gbèsè owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òótọ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n nínú ohun ìní baba ni a ti ń san gbèsè baba. Bí ọmọ bá fi ti ara rẹ̀ kún un, inúure ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó bí kò bá lè ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì a bá a lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀ títí di ìrun Ìṣáì. Wọ́n ti gbà kí ó parí ìdánwò rẹ̀ ná. Ti owó ẹgbẹ́, a ṣì ń sọ ọ́.