Ààlè Àdùnní

Ẹni mẹ́fà nínú ọkọ̀ Síẹ́nà kan kò lè fara pamọ́ fún ara wọn. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá tẹ̀lé arugbá lọ sódò, ìpàkọ́ ẹlòmíràn lèèyàn ń wò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó lè wúre, ó lè ya fọ́tò, ó lè máa wá ẹni tó ń ta omi tútù kiri. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ díẹ̀, tí ẹ jọ ra àkàrà ní Ògbèsè, tí ẹ jọ mọ orúkọ ọmọ ara yín, gbogbo ohun tí o bá ṣe lẹ́nu igbó òrìṣà ni wọ́n máa mú délé. Ṣé ó kúnlẹ̀ létí omi, àbí ó nàró? Ṣé ó ṣe àmín sí ìwúre ìyá àgbà kan, àbí ó dákẹ́? Bẹ́ẹ̀ lílọ ní èèyàn díẹ̀ ni ọ̀nà tó dáa jù láti gbà rí igbó náà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ dúró níwájú nǹkan kan títí yóò ráyè dúró, kò sí èrò tó máa tì í láti ẹ̀yìn.

Nínú àwa tó ti Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n kóra jọ lọ sí Òṣogbo, ìyá kan wà tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì. A ò tíì kọjá Àkúrẹ́ tó ti jẹ́ kó yé gbogbo wa pé òun ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun, òun ò ní bọ́ bàtà, òun ò sì ní gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Igi ni mo wá wò ní tèmi." A rẹ́rìn-ín. Bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba nínú igbó ọba kó tó fẹ̀yìn tì, yíjú padà, ó ní, "Màmá, ṣé igi ti wá tán ní Ifọ̀n ni?" Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣọ́ ọ, sà. Ẹ̀yin la máa bi." Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n bàbá kò rín tiẹ̀ dénú.

Ayàwòrán ni Susanne Wenger, ẹni tí ère rẹ̀ wà nínú igbó Ọ̀ṣun tí à ń lọ wò, kó tó di Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ó bá Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, wá sí Nàìjíríà ní 1950, nígbà tí ọkùnrin náà rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Ìbàdàn. Ikọ́ ife dá obìnrin yìí dùbúlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló forí lé, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ sì ti yà kúrò lára ọ̀nà àwọn òyìnbó yòókù. Ó ń kun àwòrán, ó ń fi ẹ̀kọ pákí ya aṣọ ńláńlá bíi ti àwọn aláàdìrẹ, ó fẹ́ onílù, Ayansola Oniru, ó kó sínú ilé alájà kan lójú ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo. Ìlú yẹn ló wà títí ó fi dolóògbé ní oṣù Kìíní 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Igbó Ọ̀ṣun tó bá níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mú àlejò lọ wò lónìí. Ojúbọ ń wó. Ikán ti jẹ òpó dénú. Àwọn àwòrò mìíràn ti fi ipò sílẹ̀, ọdẹ ń yìnbọn níbi tí wọn kò gbọ́dọ̀ yìnbọn, wọ́n ń gégi, wọ́n ń dẹ àwọ̀n sódò tó jẹ́ èèwọ̀ láti pẹja nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ojúbọ ló mú Àdùnní wọbẹ̀. Kò pe àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yúróòpù. Bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ló pè. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, ó gbẹ́ igi. Kasali Akangbe gbẹ́ igi. Saka Aremu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí wà nínú ohun tí aráyé ń pè ní iṣẹ́ Àdùnní débi pé ó máa ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ obìnrin náà nìkan. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Hẹ́kítà 75 ni, igboro Òṣogbo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká.

Nígbà tí àwọn yòókù tẹ̀lé ẹni tó ń mú wa kiri, mo dúró ti ògiri kan. Símẹ́ǹtì ni, irú èyí tí gbogbo wa fi ń kọ́lé. Ẹni tó mọ ọ́n kò fi irin rẹ́ ẹ kó dán. Ìka ló fi ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ojú ìka náà sì wà níbẹ̀ dòní, ó ń tò lọ sókè ní ìlà ìlà títí dé ibi tí ọrùn ère ti yọ jáde lára ògiri. Ewédò ti hù sínú ojú ìka kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, símẹ́ǹtì ti já níbi kan, ọ̀pá irin inú rẹ̀ yọ síta, ó ti dípẹtà, omi ìpẹtà náà sì ṣàn pupa dé ilẹ̀. Èèrà ń gba ibẹ̀ wọlé. Gbòǹgbò igi kan ti gbé etí ògiri náà sókè díẹ̀, bóyá ìbú àtàǹpàkò. Mo rò ó pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí mọ̀ pé gbòǹgbò ń bọ̀. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ère yìí ni wọ́n fẹ́ kó pẹ́ jù, igi yẹn ni wọn ì bá kọ́kọ́ bẹ́.

Wọn kò bẹ́ ẹ. Nítorí náà, igi ni wọ́n torí rẹ̀ mọ ère.

Lọ́nà oko wa, ẹni tó bá fi igi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà máa ń pa ààlè lé e: ìkarahun ìgbín, àjákù ìgbálẹ̀, súúkù àgbàdo, àkísà. Ààlè kò lágbára kankan fúnra rẹ̀. Ọmọdé lè ṣí i dànù. Ohun tó ń sọ kò ju pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, àti pé ìwọ tí o rí mi kò lè sọ mọ́ pé o kò rí mi. Ohun tí Àdùnní àti àwọn ọmọ ìyá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun nìyẹn, ààlè tó ga ju ilé lọ. Ọdẹ tí kò bẹ̀rù àwòrò mọ́, nítorí pé ó ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mọ́sálásí, yóò ṣì dúró díẹ̀ níwájú ère Ìyá Mọ́pó tó na ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá sókè láàárín igbó. Kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Ẹni tó fẹ́ gé ilẹ̀ náà tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wó ère, kò sì lè wó irú ère bẹ́ẹ̀ lóru kí ìlú má mọ̀. Pátákó ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ igbó ọba, ọkọ̀ tó ń kó gedú sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá tó fẹ̀yìn tì mọ̀ ju èmi lọ nípa ìyẹn.

Ọ̀bọ kan ló fi ìyókù yé mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka, ó bá wa létí ọ̀nà, ó gba bísíkíìtì lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó kéré jù nínú wa, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára wa láìmira. Bàbá dúró wò ó títí. Ó ní ní tòun, nígbà tóun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní apá Ọ̀sẹ̀, ẹ̀ka tó ń mì nìkan lèèyàn ń rí. Bí ọ̀bọ bá ti gbúròó ọ̀kadà, ó ti lọ. Ọ̀bọ Òṣogbo kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbọn. Ìran mélòó ló gbà kí ẹ̀rù tó kúrò lára ẹranko? Díákónẹ́ẹ̀sì ń wo òkè ní tiẹ̀, ó ń wo bí orí àwọn igi ṣe pàdé, kò sì wo ère kankan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló ń wo ohun tí wọ́n ní ká wá wò.

Lọ́nà odò, igi kan wà tí ẹ̀gún bo ìdí rẹ̀, ẹ̀gún náà sì gbé ọkàn mi padà sílé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Justus Akeredolu, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère ní àwọn ọdún 1930. Ẹ̀gún ara igi bí àràbà máa ń nípọn, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, òmíràn pọ́n díẹ̀, òmíràn funfun bí ìyẹ̀fun, òmíràn dúdú díẹ̀, kò sì sí pé à ń kùn ún. Akeredolu já ohun tí igi fi ń gbèjà ara rẹ̀, ó fi ṣe obìnrin tó ń gúnyán, ó fi ṣe ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tó máa gbà sínú àtẹ́lẹwọ́. Iṣẹ́ tó wuni ni. Síbẹ̀ bí mo ṣe dúró síbẹ̀, mo rí i pé ọnà Ọ̀wọ̀ láti ayébáyé, ohun tí ọwọ́ lè gbé ló pọ̀ nínú rẹ̀. Eyín erin tí àwọn oníṣọ̀nà wa gbẹ́ láyé àtijọ́, ẹ̀gbà ọwọ́, àwo kékeré onídèérí, tínńtín, tó péye, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ lè gbé náà ni òyìnbó lè gbé. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ère Òṣogbo kò ṣeé gbé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó wá bá a nínú igbó.

Ọ̀wọ̀ náà ní igbó. Ní 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Ọlájà, ó sì bá àwọn ère amọ̀ níbẹ̀, orí èèyàn tó jọ ti Ifẹ̀, ẹkùn tó di ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ ẹnu, nǹkan tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kó wọn lọ sí mùsíọ́mù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀rọnsẹ̀n ni ìtàn igbó náà. Ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, ọba Ọ̀wọ̀, ni, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju igi ìdáná lulẹ̀ gbì, kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì bínú jáde lọ sínú igbó. Nítorí rẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ fi ń ṣe Ìgógó lọ́dọọdún nínú oṣù Kẹsàn-án, tí Ọlọ́wọ̀ ń dirun bí obìnrin, tó ń wọ iyùn jó, tí ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà tàbí wé gèlè. Ìlù kì í dún. Agogo nìkan ló ń dún.

Mo rò pé níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Òṣogbo pa ààlè tirẹ̀ fún ojú. Etí ni Ọ̀wọ̀ pa tirẹ̀ fún. Ẹni tó bá wọ Ọ̀wọ̀ lákòókò yẹn tí kò sì mọ nǹkan kan yóò kàn rí i pé nǹkan kan dín nínú ìlú. Kò sí fọ́tò tó lè gbé e. Kò sì sí awakọ̀ Síẹ́nà tó máa kó ẹni mẹ́fà láti Òṣogbo pé kí wọ́n wá gbọ́ ìlù tí kò dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú méjèèjì, èyí tó le jù láti pa mọ́ ni tiwa.

Létí odò, ẹnu wa wọlé. Omi Ọ̀ṣun pọ́n kuku, ó sì ki. Kì í ṣe òjò ló fà á. Àwọn tó ń wa gòòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń fọ ilẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọnú rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń wá bọ Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Mo rántí ayàwòrán ilẹ̀ Faransé nì, Claude Monet, tó kó lọ sí abúlé Giverny ní 1883. Ní 1893, ó fẹ́ gbẹ́ adágún omi kó lè gbin òṣíbàtà sí i, kó sì máa yà á. Àwọn ará abúlé fárígá. Wọ́n ní ewéko ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ gbìn yóò ba omi àwọn jẹ́, ẹran ọ̀sìn àwọn yóò sì kú. Ẹ̀rù ayàwòrán ló ń ba àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó gba àṣẹ níkẹyìn, ó ya òṣíbàtà títí ó fi kú ní 1926, láti 1980 sì ni aráyé ti ń san owó wọlé wo ọgbà rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun, ọgbà ayàwòrán ló wà nísàlẹ̀, àwọn aládùúgbò tó wà lókè odò ló ń ba omi jẹ́. Ojú ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n kọ ẹnubodè sí. Ẹnikẹ́ni kò rò ó pé ọ̀tá lè gba inú odò wọlé.

Nígbà tí à ń padà, tí a kọjá Iléṣà, àríyànjiyàn ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí n ráyè ronú. Ọmọkùnrin wa ní ebi ló ń pa àwọn tó ń wa gòòlù. Bàbá ní ebi ló ń pa àwọn tó ń gé gedú náà, òun ti gbọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún, ìyà ló sì ń jẹ wọ́n síbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ tó ń kó gedú nìkan ló kọ́lé. Díákónẹ́ẹ̀sì, tí kò sọ̀rọ̀ láti Òṣogbo, ní tí a bá tún fẹ́ jáde, kí a gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń wa gòòlù náà, ní Ìtàgúnmódì àbí ibikíbi tó bá jẹ́, kí òun lọ fi ojú ara òun rí ẹni tó ń tú ẹrẹ̀ somi. Awakọ̀ ní ọ̀nà ibẹ̀ kò gba Síẹ́nà, àfi kí wọ́n fi owó lé e. Kí a tó dé Àkúrẹ́, wọ́n ti ń dúnàá dúrà.