Nọ́ńbà Tí A Tẹ̀ Sára Irin



Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí à ń pè ní Chevelle SS. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó lágbára jù lọ nínú rẹ̀ a máa béèrè fún ẹ́ńjìnì LS6. Ọ̀kan ni èyí nínú àwọn ẹ́ńjìnì oníbílọ́ọ̀kù ńlá, àwọn tí irin ara wọn tóbi tí ó sì wúwo ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Sìlíńdà 8 ni ó ní, ìwọ̀n inú wọn jẹ́ lítà 7.4, agbára ẹṣin 450 ni àwọn tí ó ṣe é sì kéde fún un. Ọdún kan péré ni a fi í sínú Chevelle.

Kí ni ó gbé wọn lọ? Àwọn ọ̀dọ́ fi wọ́n sá eré ìje títí ẹ́ńjìnì fi fọ́. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wá ṣọ̀wọ́n ní ọdún 1973, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń mu epo bí omi kò yangàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi di pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà wà lónìí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí a bí mọ́ wọn kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà ni ẹni tí ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń wá kiri. Bí ó bá rí ẹ́ńjìnì kan, yóò nu ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, yóò sì wo iwájú bílọ́ọ̀kù náà ní apá ọ̀tún. Ojú irin pẹrẹsẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Lára rẹ̀ ni a tẹ lẹ́tà T sí, èyí tí ó dúró fún Tonawanda ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí a ti to ẹ́ńjìnì náà. Oṣù àti ọjọ́ tí a tò ó tẹ̀ lé e, àti lẹ́tà mẹ́ta tí ó sọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́. Wọ́n a tún tẹ apá ìkẹyìn nọ́ńbà ọkọ̀ tí a gbé e sí mọ́ ọn.

Rírí i kọ́ ni òpin iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì kékeré ni ó wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, sípíríǹgì iwájú gbọ́dọ̀ le sí i kí ó lè gba ẹrù tuntun náà, rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi sí i kí ooru má baà ba ohun gbogbo jẹ́, jíà àti ọ̀pá ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ lè gba agbára náà. Ẹni tí ó bá fi agbára kún ọkọ̀ tí kò fi bíréèkì kún un, ikú ni ó gbé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ìbéèrè kan kù: ṣé ọkọ̀ ti àtijọ́ náà nìyí, àbí òmíràn? Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì ìgbàanì, sọ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Áténì tọ́jú. Bí pákó kan bá jẹrà, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn amòye sì ń jiyàn bóyá ọkọ̀ kan náà ni. Ní tèmi, bí a bá ṣí koríko kúrò lórí ilé baba wa tí a fi páànù bò ó, ilé baba wa náà ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé a ti sọ ilé nù. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún àlejò pé baba wa fúnra rẹ̀ ni ó kan páànù náà, irọ́ ni a pa.

Níbí gan-an ni ìdánwò wà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ìbí rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ níye lórí púpọ̀ ju èyí tí a pààrọ̀ tirẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ tiwọn sí i. Wọn a ní, “Irú kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà, agbára kan náà. Ta ni a pa lára?” Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó rà á kò sanwó fún irin nìkan. Ó sanwó fún ẹ̀rí pé ara àti ẹ́ńjìnì yìí jọ jáde ní ọjọ́ kan. Ẹ̀rí náà kò sí, síbẹ̀ a gba owó rẹ̀. Tómásì Mímọ́ ti Àkúínò ti kọ́ wa pé ẹni tí ń ta ohun tí ó ní àbùkù ìkọ̀kọ̀, tí ó lè mú àdánù bá ẹni tí ń rà á, gbọ́dọ̀ fi í hàn.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Èmi kò ní tà á láéláé, ojú ara mi nìkan ni mo fẹ́ tẹ́ lọ́rùn.” Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ yóò kú, irin kì yóò kú. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò tà á, wọn yóò sì fi ẹnu mímọ́ parọ́ tí ìwọ fi ọwọ́ rẹ tẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò tan iná sí i, yóò wá àwọn ìlà tín-ín-rín tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ lójú irin náà, kì yóò sì rí wọn, nítorí o ti ha wọ́n dànù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Èmi kò ní tàn yín pé òtítọ́ kò ní fi owó dù yín. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Olóòótọ́ yóò fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà sílẹ̀ bí ó ti rí i, yóò kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rà á sínú ìwé, yóò fi ìwé náà sáàárín ìwé ọkọ̀, yóò sì gba iye tí ó kéré. Ṣùgbọ́n yóò lè wa ọkọ̀ náà láìbẹ̀rù ẹni tí ó bá ní kí ó ṣí iwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kò dájú pé ẹnikẹ́ni nínú wa ní Chevelle. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ tòkunbọ̀ tí a yí òǹkà máìlì rẹ̀ sẹ́yìn, tàbí ọjọ́ orí tí a dín kù nínú ìwé ẹ̀rí nítorí iṣẹ́? Kí olúkúlùkù lọ wo nọ́ńbà tí òun tẹ̀. Kò burú pé a pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́. Ohun tí ó burú ni kí a sọ pé a kò pààrọ̀ rẹ̀ rí.