Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Òwe yìí ni a ó fi gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ètò ìdarí rẹ̀ ti di ti àtijọ́ jẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ wa láti Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ti ń ṣòwò. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ra kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n kó ti Yúróòpù dé, tí Windows 7 wà nínú rẹ̀. Ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń sanwó. Ẹ̀rọ náà kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2020 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ètò náà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ yóò ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni. Windows 11, tó jáde ní 2021, kì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kò sì bójú mu kí aláìní ju ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí ààtàn nítorí pé ẹni tó ṣe ètò rẹ̀ ti kẹ̀yìn sí i.

Síbẹ̀, ẹ rántí oṣù Karùn-ún, ọdún 2017. Ètò aṣebi tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ inú kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ti fáìlì pa, ó ń béèrè owó ìràpadà. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba dá aláìsàn padà. Láti ara ẹ̀rọ kan ló ń bọ́ sí òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nítorí náà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ kọ lẹ́tà ara rẹ̀, tí kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n àṣírí oníbàárà kì í ṣe ohun ìní oníṣòwò. A fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Àìní lè dín ẹ̀bi rẹ̀ kù, kò lè pa á rẹ́, nítorí ọ̀nà wà tí kò gba owó ńlá: kí ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, rọ́pò Windows náà.

Ẹ padà wo òwe wa. Kò dá ẹni tó jẹ kòkòrò nìkan lẹ́bi. Ó ní “tí a kò sọ fún un”. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò àti ẹni tó ta àlòkù mọ̀ ju ẹni tó rà á lọ. Àwọn ni ó kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n sọ. Àwa olùkọ́ èdè náà kò sì mọ́wọ́ kúrò. Ìkìlọ̀ tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń jẹ́. Bí a kò bá sọ ọ́ ní èdè tí ìyá ọlọ́jà gbọ́, a kò tíì sọ fún un.