Orò, Àlejò àti Òru Ìlú

Ta ni ó ni òru ìlú? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà létí ẹni tí kò gbé ilẹ̀ Rẹ́mọ rí. Ní Ṣàgámù, bí akéde bá ti polongo Orò, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta lóru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìbáà ṣe ọmọ ìlú, ìbáà ṣe èrò ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ṣàgámù kì í ṣe ilé ẹnì kan. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bí Ọ̀fin àti Mákùn para pọ̀ nítorí ààbò lọ́wọ́ ogun. Lẹ́yìn èyí ni òwò obì gbàǹja fa àwọn Haúsá wá láti Òkè Ọya, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábó. Nípa báyìí, Iléyá, Kérésìmesì, Egúngún àti Orò ń bọ̀ lọ́dọọdún nínú ìlú kan náà.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé àwọn ọdún wọ̀nyí kò bá àlejò lò bákan náà. Ẹran Iléyá a máa dé ilé onígbàgbọ́. Ìrẹsì Kérésìmesì a sì máa dé ilé Mùsùlùmí. Egúngún pàápàá, bí ó ti le tó, òǹwòran ni ó ń fún un lówó. Ní Singapore, níbi tí àwọn Ṣáínà, Malay àti ará Índíà jọ ń gbé, àwọn ẹlẹ́sìn Hindu a máa tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ gba ìgboro kọjá ní ọjọ́ Thaipusam. Ohun tí ọjọ́ náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn sìn kò ju sùúrù lọ. Ṣùgbọ́n Orò ń fẹ́ kí ẹlòmíràn má sí níta rárá.

Ní oṣù Keje ọdún 1999, a pa obìnrin Haúsá kan ní Ṣàgámù, tí wọ́n ní ó jáde ní òru Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Sábó àti onílùú, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá ní Kánò, àwọn tí kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn Orò náà.

Ìwé òfin Nàìjíríà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà. Abala 38 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Abala 41 fún wa ní òmìnira láti rìn káàkiri. Olórò yóò di ti àkọ́kọ́ mú, àlejò yóò di ìkejì mú, kò sì sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn.

Àwọn kan yóò ní ìṣe ìlú ni àlejò í bá ìlú ṣe. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí Sábó, tí baba baba rẹ̀ ti ń ra obì ní Ṣàgámù, àlejò ni títí di ìgbà wo? Obìnrin Rẹ́mọ tí ó sé ara rẹ̀ mọ́lé ní òru kan náà ńkọ́, ṣé àlejò ni òun náà ní ilé baba rẹ̀? A máa ń wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, a sì máa ń fi òwe náà bá àlejò wí. Ní tèmi, onílùú ni òwe náà ń bá wí: bí àlejò kò bá ríran, ta ni yóò bá a ríran?

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ìjìyà. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò yóò gbé e. Orò ni a ní yóò gbé e; a kò ní ọmọkùnrin kan yóò mú kùmọ̀. Ẹni tí ó bá ń ran irúnmọlẹ̀ lọ́wọ́ láti pànìyàn ti jẹ́wọ́ pé kò dá òun lójú pé irúnmọlẹ̀ náà lè jà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, gbèsè ń bẹ lọ́rùn akéde. Ó yẹ kí ó ké ní Sábó ní èdè Haúsá, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣáájú, kí ó sì ké ní ibùdókọ̀ tí èrò Èkó àti Ìbàdàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀nà wà fún aláboyún tí ń rọbí lóru, àti fún agbẹ̀bí tí yóò gbẹ̀bí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn awo kan yóò bi mí pé, bí obìnrin méjì bá lè kọjá, kí ni ó kù nínú Orò? Èmi yóò ní ohùn rẹ̀ kù, igbó rẹ̀ kù, ìlú tí ó wá wẹ̀ mọ́ náà sì kù.