Ẹ̀rí Òru: Àwòrán Iná Àríyá àti Ọ̀rọ̀ Òtítọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láyé òde òní, àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò àfojúbà mọ́ ojú wa lọ́wọ́: ẹni tí kò sí níbi ayẹyẹ wo fọ́tò, ó sì gbà pé òun ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí á béèrè: àwòrán wo ni ó jẹ́ olóòótọ́? Iná àríyá ni n óò fi yẹ ìbéèrè yìí wò, ìyẹn iná aláràbarà tí wọ́n máa ń yìn sójú ọ̀run lóru ọjọ́ àjọyọ̀.

Ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ kì í fi ọwọ́ lásán di kámẹ́rà mú nídìí irú iná bẹ́ẹ̀. Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń gbé e lé kí ó má baà mì, yóò sì ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2, tàbí 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé òkùnkùn ni ó yí iná náà ká, gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀ta iná kọ̀ọ̀kan gbà ni yóò hàn bí fọ́nrán òwú. Àwọn mìíràn a máa fi aṣọ dúdú bo ojú kámẹ́rà láàárín iná kan sí èkejì, tí iná mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra wọn yóò fi jọ dúró nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Kò sí ojú ènìyàn tí ó rí ohun tí àwòrán yẹn fi hàn. Ṣé irọ́ ni, nígbà náà?

Ní tèmi, kì í ṣe irọ́. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fa ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ayàwòrán náà ṣe bí òpìtàn tí ó fi wákàtí kan ròyìn iṣẹ́ ọjọ́ kan: ó kó o jọ, kò dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Beijing, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Oníṣẹ́ ọnà Cai Guo-Qiang ṣètò iná tí ó dà bí ipa ẹsẹ̀ òmìrán, 29 ní iye, tí ó ń rìn lójú ọ̀run lọ sí pápá ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́ Ẹyẹ. Wọ́n yìn wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òǹwòran rí lórí tẹlifíṣọ̀n, yàtọ̀ sí ipa ẹsẹ̀ tí ó kẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi ṣe é sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn tí ó ṣe é tilẹ̀ mú kí àwòrán náà máa mì díẹ̀díẹ̀, kí ó lè jọ èyí tí a yà láti inú hẹlikọ́pítà. Irọ́ tí àwọn àgbà ní ó lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ díẹ̀ péré ni òtítọ́ fi bá èyí.

Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ewu wà nínú kí hẹlikọ́pítà máa tẹ̀ lé iná lóru. Àlàyé gidi ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré láti sọ fún òǹwòran ì bá ti tó.

Ẹ kíyè sí i pé àwòrán Beijing jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ju bí fọ́tò ayàwòrán wa ti jọ ohun tí ojú rí lọ. Síbẹ̀, òun ni ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, inú mímì náà gan-an ni ó sì wà: wọ́n fi í sí i kí á lè rò pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó fún wa. Òtítọ́ àwòrán kò sí nínú jíjọ. Inú ẹ̀rí jíjẹ́ ni ó wà. Ẹni tí kò dé ibi ìjà, bí ó tilẹ̀ ròyìn rẹ̀ láìṣìnà, ẹlẹ́rìí èké ni bí ó bá búra pé òun wà níbẹ̀.

Lónìí tí kọ̀ǹpútà lè ya iná tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí, ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi àwòrán ni pé: ta ni ó dúró níbẹ̀?