Ṣé Àwàdà Kì Í Pani Lára?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé, níbi ìsọmọlórúkọ àti lọ́jà, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ẹnì kan yóò fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín. Bí inú bá bí ẹni náà, wọn yóò ní, "Àwàdà ni o, má bínú." Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ irú àwàdà bẹ́ẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní ìjàm̀bá tó èyí tí ẹ̀ṣẹ́ tàbí kùmọ̀ ń ṣe?

Àwọn kan yóò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kì í fọ́ egungun. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí a lù pa kò lè jí mọ́, ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè sùn kí ó jí kí ó sì gbàgbé. Nítorí náà a kò ní sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí a bá gbá ènìyàn létí ní gbangba, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò là wọ́n, wọn yóò sì bá a kẹ́dùn. Bí a bá fi í ṣẹ̀sín, àwọn kan náà ni yóò máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a gbá létí ní ẹlẹ́rìí; ti ẹni tí a fi ṣẹ̀sín ti di alábàápín nínú ọ̀ràn náà. Bí ó bá sì bínú, òun náà ni wọn yóò dá lẹ́bi pé kò mọ àwàdà. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ ọ̀rọ̀ fi ń pẹ́ kí ó tó san.

Kì í ṣe pé àwàdà burú. Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ eré tó wà láàárín Fúlàní àti Bàrébàrí. Fúlàní lè pe Bàrébàrí ní ẹrú rẹ̀ láàárín ọjà, kí Bàrébàrí dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ará Kánò àti ará Zaria. Kò sí ìjà níbẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni àṣà fún láyè láti sọ ọ́, àwọn méjèèjì ni ó sì lè dá a padà. Òṣùwọ̀n náà nìyí: yẹ̀yẹ́ tí ẹni tí a ń ṣe é fún kò lè dá padà kì í ṣe eré mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1953. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Action Group gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Òkè Ọya, tí Sardauna Ahmadu Bello ṣíwájú wọn, kò fara mọ́ ọdún náà. Nígbà tí wọ́n jáde síta, àwọn èrò Èkó hó lé wọn lórí, wọ́n sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn tó hó padà sílé wọn; àwọn tí a hó lé lórí kò gbàgbé. Ní oṣù karùn-ún, Action Group fẹ́ wá ṣe ìpàdé ní Kánò, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 16. Ìròyìn ìjọba ka òkú 36, ó sì ní àwọn tó fara pa lé ní 200. Àwọn tí wọ́n pa ní Sábọ̀n Gàrí kọ́ ni ó hó ní Èkó.

A kò sọ pé yẹ̀yẹ́ nìkan ló fa ìjà náà. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà níbẹ̀. A kò sì sọ pé ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ jàre. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹnu tó sọ̀rọ̀ wà ní Èkó, ara tó san gbèsè wà ní Kánò. Àwa tí a fi ìlú onílùú ṣe ilé ló yẹ kí ó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nítorí náà, kí a ṣọ́ ohun tí a ń sọ nípa àwọn onílé wa nígbà tí a bá rò pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́, wọn yóò sì gbé e dé ilé ẹ̀kọ́. Kí a ṣọ́ ti àárín ara wa pẹ̀lú. Ta ni akólòlò fẹ́ fi èsì fún nínú ìpàdé? Kí ni obìnrin tí kò tíì rí ọmọ bí fẹ́ sọ nígbà tí wọ́n bá ń dá a lápàárá níbi ìsọmọlórúkọ? Nínú Suratul Hujuraat, áyà 11, Ọlọ́run kọ̀ fún wa kí ìjọ kan máa fi ìjọ mìíràn ṣe ẹlẹ́yà, Ó sì kọ̀ pípe ara ẹni ní orúkọ burúkú. Ẹni tí a fojú kéré lè sàn jù wá lọ.

Bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ wa dun òun, "àwàdà ni" kì í ṣe èsì. Ẹ jẹ́ kí a tọrọ àforíjì níwájú àwọn tó bá wa rẹ́rìn-ín, kí àwọn náà sì tọrọ tiwọn.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.