Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Lórí Bẹ́ẹ̀dì Iṣẹ́ Abẹ

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni Yorùbá fi ń bẹ ọmọ, òun náà ni wọ́n fi ń ṣépè. Bí obìnrin bá wá bímọ láìkúnlẹ̀, tí kò mọ ìrora ọ̀bẹ tó gbé ọmọ jáde, ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí àwọn ìjọ Agbowó àti Challenge ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà kí aboyún bímọ bí obìnrin Hébérù, tí àwọn mìíràn sì ń ka iṣẹ́ abẹ sí àdúrà tí kò gbà.

Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìrora iṣẹ́ abẹ ìbímọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló wọ́pọ̀ jù. Aboyún á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ̀ bí ẹni tó ń wonú kànga, nọ́ọ̀sì á di èjìká rẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á gba àárín eegun ẹ̀yìn wọnú omi tó wà níbẹ̀. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ á gbóná, á wúwo, á wá dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Dókítà á fi òwú tútù kàn án lára dé ibi ọmú kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ó ń mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan nínú òun, kò dùn ún, etí rẹ̀ ló sì fi gbọ́ igbe ọmọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, orí sì lè fọ́ ọ lẹ́yìn náà.

Epidural, tí wọ́n ń gún sẹ́yìn bákan náà, kì í dé inú omi yẹn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn láti máa fi oògùn kún oògùn. Oorun pátápátá wà fún ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tí kò sáyè ìdúró. Ó yá, àmọ́ ohun tó wà nínú ikùn lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn rẹ̀ a sì máa dé ara ọmọ.

Nígbà tí dókítà James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í lo klorofọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń rọbí ní Edinburgh lọ́dún 1847, àwọn kan fi Jẹ́nẹ́sísì 3:16, tó ní nínú ìrora ni obìnrin yóò máa bímọ, ta kò ó. Ó dá wọn lóhùn láti inú ìwé kan náà: Ọlọ́run kùn Ádámù lóorun kó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ìdáhùn tó múná ni. Ọbabìnrin Victoria gba klorofọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ dókítà John Snow ní 1853. Ní February 1957, Póòpù Pius Kejìlá sọ pé Kristẹni lè gba oògùn ìdẹ̀kùn ìrora.

Yorùbá kì í tilẹ̀ kí abiyamọ kú ìrora. Ewu ni wọ́n ń kí i fún, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó mú ewu kúrò. Ẹni tí wọ́n kùn lóorun kò gbọ́ igbe àkọ́kọ́. Nígbà tó jí ni nọ́ọ̀sì sọ fún un bóyá akọ ni tàbí abo. Àmọ́ ikùn rẹ̀ ni wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ṣàn. Àwọn tó wá kí i nílé ní Bódìjà tàbí Ring Road kì í bèèrè irú abẹ́rẹ́ tó gbà kí wọ́n tó sọ pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.”